A Ò Ra Òkun Tòkunbọ̀

Owó ẹgbẹ́ wa ò tíì pọ̀ débi tí a ó máa fi ra wàhálà. Ohun tí a sọ nìyẹn nígbà tí ọ̀kan nínú àwa tí a jọ kàwé ní Òtu gbé àwòrán àpótí gíláàsì ẹja kan jáde, àlòkù, 60 lítà péré, pé ká rà á fún ilé-ẹ̀kọ́ tó wò wá dàgbà. Ìbàdàn ni ẹni tó ni ín ń gbé. Ó ń lọ sókè òkun, ó sì fẹ́ tà á ní ẹ̀dínwó: gíláàsì, iná orí rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi, òkúta, àti ẹja méjì tó pọ́n bí ọsàn, tí ìlà funfun dá lára wọn. Omi iyọ̀ ni wọ́n ń gbé, bíi ti òkun.

Àwa tí a ní ká má rà á, wọ́n ti pè wá ní ahun, wọ́n tún pè wá ní ará oko. "Ṣé ọmọ Òtu ò yẹ lẹ́ni tó ń rí òkun ni?" Ó kúkú yẹ. Láti Òtu dé etí òkun Èkó ju 200 kìlómítà lọ, ọ̀pọ̀ ọmọ ibẹ̀ ò sì tíì fojú kan ìgbì rí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sòótọ́: ẹja inú àpótí yẹn gan-an ò mọ òkun Èkó. Òkun Íńdíà àti Pàsífíìkì ni irú wọn ń gbé. Kò sí wọn nínú Àtìláńtíìkì tó ń fọ́ sí etí Bàdágìrì. Ẹja inú sinimá Finding Nemo ti 2003 ni. Òkun ẹlòmíì la fẹ́ fi han ọmọ wa, a wá ń pè é ní òkun wa!

Ká tiẹ̀ gbé ìyẹn tì. Iye tí wọ́n dá lé e ò burú, a gbà. Àmọ́ iye yẹn kọ́ ni ìnáwó náà. Lítà omi òkun kan ní iyọ̀ tó tó 35 gíráàmù nínú. 60 lítà ń fẹ́ iyọ̀ tó lé díẹ̀ ní kílò méjì, kì í sì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀ o. Iyọ̀ tí wọ́n po oríṣiríṣi èròjà òkun mọ́ ni, ẹ kò sì ní rí i rà lọ́jà Òtu. Ní ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, wọ́n á da díẹ̀ nù nínú omi náà, wọ́n á po tuntun. Ta ni yóò máa rà á? Tíṣà tó ń fi owó ara rẹ̀ ra ṣọ́ọ̀kì?

Wọ́n tún ní ó kéré, ó máa rọrùn. Irọ́ gbáà ni. Bí omi bá ṣe kéré tó ni àṣìṣe ń tètè pa ẹja tó. Nígbà ọyẹ́, tí ètè ń bẹ́, omi á máa fẹ́ lọ, iyọ̀ ò ní bá a lọ. Bí omi ṣe ń dín, bẹ́ẹ̀ ni iyọ̀ ń le sí i. Nínú àpótí ńlá, ó máa ń pẹ́ kó tó hàn. Nínú èyí, ọjọ́ mélòó kan ti tó. Nígbà tó bá sì di oṣù Ẹrẹ́nà, tí òòrùn Òkè-Ògùn bá ń yan páànù kíláàsì, kí la fẹ́ ṣe fún ẹja tí kò fẹ́ kí omi gbóná kọjá nǹkan bíi 27°C?

Iná wá ńkọ́? Ìgbẹ́ ẹja a máa di amóníà, májèlé ni. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé lára òkúta àti nínú ẹ̀rọ asẹ́mi ló ń sọ ọ́ di ohun tí kì í tètè pa ẹja. Àwọn náà ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tí omi tó ń ṣàn ń gbé wá. Kí iná lọ lọ́sàn-án Jímọ̀, kí wọ́n ti kíláàsì pa títí di àárọ̀ Mọ́ńdè: ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín. Bí òkúta náà bá sì gbẹ lójú ọ̀nà láti Ìbàdàn, àwọn kòkòrò wọ̀nyẹn á kú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà la ó tún fi dúró kí omi tó gba ẹja. A bi ẹni tó ń tà á bóyá ó ti da oògùn tó ní bàbà nínú sí i rí, torí bàbà a máa wọnú òkúta, a sì máa pa edé àti ìgbín omi. Ó ní òun ò rántí.

Èyí tó dùn wá jù ni pé omi ò wọ́n wa. Nítòsí Ṣakí, ní Òkè-Ògùn wa níbí, ni odò Ògùn ti ṣẹ̀, odò Yemọja, tó ń ṣàn títí wọ ọ̀sà Èkó. Wọ́n dí i ní Ikere Gorge lẹ́bàá Ìṣẹ́yìn. Apẹja wà níbẹ̀. Ọmọ mélòó ní Òtu ló mọ bí èpìyà ṣe ń tọ́jú ọmọ rẹ̀? Ẹja kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní kribensis, inú odò gúúsù Nàìjíríà ló ti wá, àwọn tó ń sin ẹja ní Yúróòpù sì ti ń sin ín tipẹ́ nínú ilé wọn. Àwọn ń wo odò wa, àwa ń fi owó àjọ wá Pàsífíìkì.

Ohun tí a fi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn rèé: a ó ra gíláàsì àti iná orí rẹ̀ ní iye tí gíláàsì àlòkù ń lọ. A ò fẹ́ òkúta, a ò fẹ́ iyọ̀. Ẹja méjèèjì, kó fún ẹni tó ti ń sin ẹja òkun tẹ́lẹ̀, torí irú wọn lè lò ju ọdún mẹ́wàá lọ láyé. Bí kò bá gbà, kó tà á fún ẹlòmíì. Owó ṣì wà lọ́wọ́ akápò.