Ara Tiwa, Àpò Ẹlòmíràn

Ẹ̀yin ìjòyè àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú, ọ̀ràn kan wà tí kò yẹ kí a fi sílẹ̀ fún àwọn oníṣègùn nìkan láti rò. Ọ̀ràn náà ni ti abẹ́rẹ́ àjẹsára tí yóò dènà kòkòrò HIV. Láti ọdún 1983 ni a ti mọ kòkòrò yìí, síbẹ̀ a kò tíì rí àjẹsára rẹ̀. Ó máa ń pa àwọ̀ dà bí alágẹmọ, ó sì máa ń sá pamọ́ sínú àwọn ọmọ ogun ara gan-an tí ó yẹ kí ó lé e jáde.

Kì í ṣe pé a kò gbìyànjú. Ní ọdún 2016 ni ìdánwò tí a ń pè ní Uhambo bẹ̀rẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà, ènìyàn 5,407 sì fi apá wọn sílẹ̀ fún un. A fún àwọn kan ní àjẹsára, a fún àwọn ìyókù ní omi tí kò ní oògùn nínú. Ẹni tí ń gúnni àti ẹni tí a ń gún kò mọ èyí tí í ṣe èyí. Nígbà tí a ṣírò rẹ̀ ní ọdún 2020, àwọn 129 tí ó gba àjẹsára ti kó kòkòrò náà láàárín ìlú, bẹ́ẹ̀ ni 123 nínú àwọn tí ó gba omi. Kòkòrò kò sí nínú abẹ́rẹ́ náà. Agbára ààbò ni kò ní. A sì dá ìdánwò náà dúró.

Àwọn kan yóò wí pé òfò ni. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó fi hàn pé ọ̀nà kan kò já ti gba ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn lọ́wọ́ àṣedànù. Ọlá ni ó tọ́ sí àwọn ènìyàn náà.

Ohun tí ó dùn wá ni èyí. Ní ọdún 2023, àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè mẹ́jọ ní Áfíríkà, tí Nàìjíríà wà nínú wọn, parapọ̀ lábẹ́ orúkọ BRILLIANT láti wá àjẹsára náà fúnra wọn. Ọmọ Áfíríkà ni olórí wọn, ṣùgbọ́n láti ọwọ́ ìjọba Amẹ́ríkà ni owó wọn ti wá, ó lé ní mílíọ̀nù 45 dọ́là. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025 ìjọba náà dá owó dúró, iṣẹ́ sì dúró. A kò bá Amẹ́ríkà jà. Olówó ni ó ni owó rẹ̀. Ara wa ni a ń bá wí. Ẹni tí a gbé pọ̀n kì í mọ̀ pé ọ̀nà jìn, àfi ìgbà tí a bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ní Àbújá, ní ọdún 2001, àwọn olórí Áfíríkà ṣèlérí láti máa fi ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìjọba tọ́jú ìlera. Nàìjíríà tí ó gbà wọ́n lálejò kò tíì mú un ṣẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ní etí ìjọba, ẹ máa rán an létí. Kí ìlú kọ̀ọ̀kan sì yọ díẹ̀ nínú owó òkú àti owó oyè, kí a fi kọ́ ọmọ wa kan ní ìmọ̀ yìí. Àwọn tí ó fi apá wọn sílẹ̀ ti ṣe tiwọn. Ó ku àwa tí a ní àpò.