Ilé Iṣẹ́ Ọnà Òṣogbo: Owó Ta Ni Yóò Tún Un Ṣe?

Nígbà tí a ń jíròrò lórí ohun tí a ó fi sàmì ọdún yìí, àbá kan wáyé pé kí a dáwó jọ láti tún ilé iṣẹ́ ọnà kan ṣe ní Òṣogbo, níbi tí àwọn ọmọ wa ti ń kọ́ aró rírẹ, igi gbígbẹ́ àti ìlù lílù. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Àwọn kan fajúro. Wọ́n ní kí ni ti onígbàgbọ́ nínú ilé ọnà, kí sì ni ti Ìjẹ̀ṣà nínú ọ̀ràn Òṣogbo.

Ti Ìjẹ̀ṣà kò le. Láti Ìpólé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni ìtàn ti mú Láròóyè wá tẹ Òṣogbo dó. Ẹni tí ó bá pe Òṣogbo ní àjèjì, ọmọ ìyá rẹ̀ ni ó pè bẹ́ẹ̀.

Ti onígbàgbọ́ ni ó yẹ kí a fara balẹ̀ sọ. Dúró Ládípọ̀, tí ayé mọ̀ mọ́ eré Ọba Kò So, ọmọ katikíìsì ni. Ní 1961 ó kọ orin Àjíǹde fún ìjọ, ó sì fi ìlù ilẹ̀ wa sí i. Ìlù náà di àríwísí. Ọ̀pọ̀ kò fẹ́ gbọ́ ọ nínú ilé Ọlọ́run. Lónìí, ṣọ́ọ̀ṣì mélòó ní Òṣogbo tàbí Iléṣà ni kò ní gángan? Orin Dáfídì 150 kò yí padà láti ìgbà náà. Àwa ni a yí padà. Nígbà tí wọn kò fún un láyè, ó wá àyè tirẹ̀. Ní 1962, òun àti Ulli Beier sọ ilé ọtí rẹ̀ (ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ti ọtí ṣe) di Mbárí Mbáyọ̀. Ọ̀rọ̀ Ìgbò ni Mbárí. Ará Òṣogbo ni wọ́n fi tiwọn kún un, pé bí àwọn bá rí i, àwọn yóò yọ̀. Ibẹ̀ ni Ọba Kò So ti jáde ní 1963, tí ó sì dé Berlin ní 1964. Ibẹ̀ náà ni Twins Seven-Seven, Jimoh Buraimoh àti Muraina Oyelami ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí ó sọ wọ́n di ìlúmọ̀ọ́ká.

Ohun tí ó dùn wá ni pé púpọ̀ nínú iṣẹ́ ọnà Òṣogbo ìgbà náà wà ní Ìwàléwà, ilé tí Beier dá sílẹ̀ ní Bayreuth ní ilẹ̀ Jámánì ní 1981. Wọ́n ń tọ́jú rẹ̀, a kò sì bá wọn jà. Ṣùgbọ́n àlejò kò lè máa bá wa tún ilé wa ṣe títí. Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, papò dà ní 2009; Beier tẹ̀lé e ní 2011.

Owó dídá kò ṣàjèjì sí wa. Ẹgbẹ́ Àtúnlùúṣe Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni ó dá Ilesa Grammar School sílẹ̀ ní 1934, kì í ṣe ìjọba. Ọ̀nà tí à ń gbà dáwó nísinsìnyí ni ó ń bà wá lẹ́rù. A ti jókòó níbi ìkówójọ púpọ̀ tí wọ́n ti ń pe owó ńlá lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, tí onílù ń ki olówó. Nígbà tí akápò bá sì dé ilé wọn ní oṣù kẹta, wọ́n á ní baba ti rìnrìn àjò. Òṣómàáló ayé àtijọ́ a máa lóṣòó títí owó aṣọ rẹ̀ yóò fi pé. Ta ni yóò lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà olóyè nítorí òrùlé tí ń jò?

Èrò wa ni pé kí a fi ìkówójọ aláriwo sílẹ̀, kí a ṣe é bí àjọ: kí sẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan máa dá iye tí agbára rẹ̀ ká lóṣooṣù, kí a sì máa lẹ iye tí ó wọlé àti iye tí ó jáde mọ́ ògiri ilé ọnà náà, kí aláró àti onílù lè kà á. Òrùlé ni kí a kọ́kọ́ tún ṣe, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà tí a ó kọ orúkọ wa sí. Káfíńtà àti bíríkìlà wà láàrin ẹ̀yin òbí. Iṣẹ́ ọjọ́ kan lọ́wọ́ yín, owó ni lójú wa.

Sẹ́ẹ̀tì tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kí ó rí akápò kí ìpàdé ọdún yìí tó tú ká. A kò ní gba ìlérí; owó ni a ó gbà, ìbáà jẹ́ ẹgbẹ̀rún náírà kan.