Ọ̀RỌ̀ INÚ ILÉ: Ẹ̀rọ Amúlégbóná Onígáàsì àti Ọ̀nà Èéfín Rẹ̀

Àwọn ọmọ wa tí ń bẹ ní Ìlú Ọba ni a fẹ́ bá sọ̀rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ̀yin bàbá àti ìyá tí ẹ wà nílé, ẹ bá wa fi í ránṣẹ́ sí wọn kí oṣù Kẹsàn-án tó parí, nítorí pé òtútù ọ̀hún kì í pẹ́ dé.

Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé àtijọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ojú ààrò tí wọ́n ti ń dá iná èédú ní ìgbà àwọn bàbá wọn ni wọ́n gbé ẹ̀rọ amúlégbóná onígáàsì sí. Afẹ́fẹ́ inú yàrá ni iná rẹ̀ fi ń jó, èéfín rẹ̀ a sì gba inú ihò ògiri lọ sókè òrùlé. Ọ̀nà méjì ni ó ní: ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, àti ọ̀nà tí èéfín ń gbà jáde. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá dí, iná náà kì yóò jó dáradára mọ́, inú yàrá níbi tí ènìyàn sùn sí ni èéfín yóò sì máa padà sí.

Nínú iná tí kò jó tán bẹ́ẹ̀ ni gáàsì olóró tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide ti ń jáde. Àwọn àgbà wa ní èéfín ni ìwà, pé kò ṣe é fi pamọ́. Ṣùgbọ́n èyí fi ara pamọ́ pátápátá. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í sì í ta ni lójú bí èéfín igi. Ó máa ń gba àyè tí ó yẹ kí afẹ́fẹ́ rere gbà nínú ẹ̀jẹ̀, títí ènìyàn yóò fi sùn lọ láìjí. Òun kan náà ni ó ń pa àwọn ará wa nílé níhìn-ín, bí wọ́n bá tan ẹ̀rọ amúnáwá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn sùn. Àwọn kan a máa wí pé gáàsì ayé ìsinsìnyí kò ní oró. Òtítọ́ díẹ̀ ń bẹ níbẹ̀. Gáàsì tí wọ́n ń fi èédú ṣe tẹ́lẹ̀ ní oró yìí nínú láti ilé iṣẹ́ wá. Láti ọdún 1967 dé 1977 ni wọ́n sì fi gáàsì abẹ́ Òkun Àríwá rọ́pò rẹ̀ káàkiri ilé, èyí tí kò ní in. Ṣùgbọ́n iná tí kò bá rí afẹ́fẹ́ tó yóò dá oró náà sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹni tí ó ti ilẹ̀ olóòrùn wá a máa bá òtútù jà bí ẹni ń bá olè jà. Ibikíbi tí ó bá rí ihò lára ògiri, aṣọ tàbí ìwé ìròyìn ni yóò ká sí i. (Ìwé ìròyìn tiwa yìí kò yẹ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ o.) Bẹ́ẹ̀ ni ihò náà lè jẹ́ èyí tí wọ́n dìídì dá kí iná lè rí afẹ́fẹ́. A bẹ̀ yín, ẹ má ṣe dí i. Bí òtútù bá pọ̀ jù, ẹ wọ ẹ̀wù kún ẹ̀wù.

Ní ti ìtọ́jú rẹ̀, eruku, òwú aṣọ, irun ológbò àti òwú aláǹtakùn a máa kó sínú ẹ̀rọ náà ní gbogbo ìgbà ooru tí a kò tàn án. Kí ẹ pa á, kí ó tutù pátápátá. Kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn ojú rẹ̀ àti abẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì fi aṣọ tí a fún dáradára nu ara rẹ̀. Ẹ má ṣe fín oògùn kankan sí i. Bí ó bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n to èédú amọ̀ sí lójú, ẹ má ṣe tún un tò bí ó ti wù yín, nítorí bí a ti tò ó ni iná rẹ̀ fi ń jó gaara. Ẹ wo ẹnu ihò èéfín láti ìta pẹ̀lú, bí ewé tàbí ìtẹ́ ẹyẹ bá ti bò ó. Ẹ má ṣe sá aṣọ tútù sórí ẹ̀rọ náà.

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ tiwa parí sí. Ṣíṣí inú rẹ̀, àti wíwò bóyá èéfín ń gòkè, iṣẹ́ ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé Gas Safe Register ni, lẹ́ẹ̀kan lọ́dọọdún. Ẹ ní kí ó fi káàdì rẹ̀ hàn yín kí ó tó fọwọ́ kan nǹkan. Ẹni tí ó ni ilé ni yóò san owó ti ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ayálégbé kò ní láti san án. Òfin ọdún 1998 ti fi í lé onílé lọ́wọ́ pé kí ó mú oníṣẹ́ wá wo ẹ̀rọ tí ó bá pèsè lọ́dọọdún, kí ó sì fún ayálégbé ní ẹ̀dà ìwé àyẹ̀wò náà kí ọjọ́ 28 tó pé. A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa ń dákẹ́ kí onílé má baà bínú. Ẹ bèèrè ìwé náà pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ sì bèèrè lẹ́ẹ̀kejì.

Iná tí ó yẹ kí ó jẹ́ búlúù tí ó wá di pupa rẹ́súrẹ́sú, dúdú èéfín lára ògiri, iná kékeré inú ẹ̀rọ tí ń kú lemọ́lemọ́, omi tí ń ṣàn lójú fèrèsé: àmì ni gbogbo wọn. Bí orí bá ń fọ́ yín, tí òòyì ń kọ́ yín, tí èébì ń gbé yín nínú ilé, tí ó sì ń fúyẹ́ nígbà tí ẹ bá jáde, ẹ má ṣe pè é ní ibà. Ẹ pa ẹ̀rọ náà, ẹ ṣí fèrèsé, kí gbogbo ilé jáde síta, kí ẹ pe 0800 111 999 lọ́sàn-án tàbí lóru, kí ẹ sì lọ rí dókítà.

Agogo ìkìlọ̀ kékeré kan wà tí ń ké bí oró yìí bá wọ yàrá. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 2022 ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti sọ pé kí onílé fi í sí yàrá tí irú ẹ̀rọ yìí bá wà. Ẹ máa tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ lóṣooṣù láti gbọ́ bí ó bá ṣì ń ké, kí ẹ sì wo ọjọ́ tí a kọ sára rẹ̀ pé agbára rẹ̀ yóò tán.