Oyún Kì í Ṣe Àìsàn, Ṣùgbọ́n Ìrìndọ̀ Kì í Ṣe Ọ̀lẹ

 

Bí aboyún bá ń bì ní London, tó wá pe ìyá rẹ̀ ní Ìbàdàn, ohun tó sábà máa ń gbọ́ ni pé, "Ọmọ mi, mọ́kàn le. Oyún kì í ṣe àìsàn." Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni. Àmọ́ tó bá gbọ́ ọ jù, ó lè máa rò pé òun ni kò lágbára tó, kó wá pa ohun tó yẹ kó sọ fún agbẹ̀bí mọ́ra.

Nínú aboyún mẹ́wàá, ìrìndọ̀ máa ń mú bíi méje tàbí mẹ́jọ. Òyìnbó ń pè é ní àìsàn òwúrọ̀, bẹ́ẹ̀ ó lè dé lọ́sàn-án, ó lè dé lóru. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀pọ̀ ló sì ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 16 sí 20. Ní December 2023, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, tí àwọn ará Yunifásítì Cambridge wà lára wọn, sọ nínú ìwé Nature pé èròjà kan tó ń jẹ́ GDF15 wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Ọmọ inú àti ibi ọmọ ló ń tú u sínú ẹ̀jẹ̀ ìyá. Obìnrin tí èròjà yìí ò pọ̀ lára rẹ̀ kó tó lóyún ló sábà máa ń yọ lẹ́nu jù. Ṣé ẹ wá rí i pé ọ̀lẹ ò sí níbẹ̀?

Kí la lè ṣe? Kí aboyún jẹ bísíkíìtì gbígbẹ díẹ̀ kó tó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Kó máa jẹun díẹ̀díẹ̀, lemọ́lemọ́, kó sì máa mu omi bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ tútù kì í rùn tó gbígbóná, nítorí náà ẹ̀kọ tútù lè dúró nínú níbi tí ẹ̀bà ò ti ní dúró. Atalẹ̀ náà ń ran àwọn kan lọ́wọ́. Ẹ̀yin bàbá, tí ẹ bá fẹ́ dín ata, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí fèrèsé.

Àmọ́ ẹ má ra ẹfun jíjẹ lọ́jà o. Àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ ní Britain ti kìlọ̀ fún aboyún nítorí òjé tó wà nínú rẹ̀. Òjé lè ṣe ọpọlọ ọmọ léṣe.

Bí oúnjẹ àti omi ò bá dúró nínú rẹ̀ fún wákàtí 24, bí kò bá tọ̀ fún wákàtí 8, bí ìtọ̀ rẹ̀ bá dúdú, bí òyì bá ń kọ́ ọ tó bá dìde, tàbí tó bá bi ẹ̀jẹ̀, ẹ pe agbẹ̀bí, dókítà tàbí 111 lọ́jọ́ náà gan-an. Nínú ọgọ́rùn-ún aboyún, ẹyọ kan sí mẹ́ta ni tiwọn máa ń le tó bẹ́ẹ̀. Irú rẹ̀ ló gbé Kate, ìyàwó Prince William, dé ilé ìwòsàn ní December 2012. Oògùn wà tí dókítà lè kọ fún aboyún, omi sì wà tí wọ́n lè fà sí i lára.

Ohun kan kù. Nílé wa, a kì í kéde oyún tí kò tíì yọ. Àṣà tó dáa ni, àmọ́ ọ̀sẹ̀ tí à ń fi í pamọ́ gan-an ni ìrìndọ̀ le jù. Ẹ fi pamọ́ fún ayé, ẹ má fi pamọ́ fún agbẹ̀bí. Ní ibi iṣẹ́ ní Britain, tí ọ̀gá bá ti mọ̀ nípa oyún, ọ̀tọ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ọjọ́ tí àìsàn oyún bá dá obìnrin dúró sílé sí. Wọn ò gbọdọ̀ tìtorí rẹ̀ fìyà jẹ ẹ́.

Ẹ̀yin ìyá ilé náà, tí wọ́n bá tún pè, ẹ béèrè pé: "Ṣé omi dúró nínú rẹ lónìí?"

A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ o.