KÍ ÀWỌN TÍ Ó PỌ̀ LÓNÌÍ MÁ GBÀGBÉ ÀNÁ

Ẹni tí ó bá dé ìlú Port Harcourt lónìí lè rò pé láti ìwáṣẹ̀ ni ẹ̀sìn Kristi ti jẹ́ ẹ̀sìn àwọn ará agbègbè náà. Ilé ìsìn pọ̀ ní àdúgbò gbogbo, ìró ìsọjí a sì máa dún wọ òru. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí 150 ọdún sẹ́yìn, ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ni onígbàgbọ́ ní ẹsẹ̀ odò yìí, àdúrà gbígbà sì lè gba ẹ̀mí ẹni. Ọ̀rọ̀ náà kan àwa ọmọ Oòduà tí a wà lẹ́yìn odi gan-an, nítorí pé ọmọ Yorùbá wà nínú ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún 1864 ni Ọba William Pepple ti Bonny ránṣẹ́ sí Bíṣọ́ọ̀bù ìlú Lọ́ńdọ̀nù pé kí wọ́n rán oníwàásù sí òun. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n fi Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn tí wọ́n ti kó lẹ́rú rí, jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Ní ọdún 1865, iṣẹ́ ìjọ bẹ̀rẹ̀ ní Bonny. Nígbà náà, ohun mímọ́ ni awọ́nríwọ́n jẹ́ níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa á, títí Ọba George Pepple fi mú èèwọ̀ náà kúrò ní ọdún 1867. Síbẹ̀, nígbà tí ẹ̀sìn tuntun wọ àárín àwọn ẹrú, àwọn ìjòyè kan gbógun tì í. Ní ọdún 1875, wọ́n pa ẹrú kan tí ń jẹ́ Joshua Hart, nítorí pé ó kọ̀ láti jẹ ohun tí a fi bọ òrìṣà.

Kì í ṣe Bonny nìkan ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀. Ní ilẹ̀ Japan, níbi tí ẹ̀sìn Búdà ti gbilẹ̀, ìjọba fi òfin de ẹ̀sìn Kristi jákèjádò ní ọdún 1614. Wọ́n pàṣẹ pé kí ìdílé kọ̀ọ̀kan forúkọ sílẹ̀ ní tẹ́ńpìlì Búdà. Wọ́n a tún gbé àwòrán Jésù tàbí ti Màríà sílẹ̀ kí àwọn ènìyàn fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n lè mọ ẹni tí kò tíì fi ìgbàgbọ́ sílẹ̀. Fún ohun tí ó ju 200 ọdún lọ, àwọn díẹ̀ tí ó ṣẹ́ kù ń gbàdúrà ní ìkọ̀kọ̀ láìsí àlùfáà, bàbá ń kọ́ ọmọ. Ère Kannon, aláàánú tí àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ń bọ, ni àwọn kan fi ń rántí Màríà. Ní ọdún 1865, díẹ̀ nínú wọn yọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì tuntun kan ní Nagasaki, wọ́n sì sọ fún àlùfáà, ọmọ ilẹ̀ Faransé, pé ọkàn kan náà ni àwọn pẹ̀lú rẹ̀. Ọdún 1873 ni wọ́n tó mú ìfòfindè náà kúrò.

Lónìí, ọ̀rọ̀ ti yí padà ní ìpínlẹ̀ Rivers. Kristẹni ni ó pọ̀, Mùsùlùmí ni ó kéré, ọmọ ilé wa sì wà nínú àwọn Mùsùlùmí náà. Ní ọdún 2019, Gómìnà Nyesom Wike, tí ó wà lórí oyè nígbà náà, kéde pé ìpínlẹ̀ Kristẹni ni Rivers. Bí a bá ka orí, ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ lóòótọ́ ni Kristẹni. Ṣùgbọ́n òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 kò ka orí kí ó tó fún ni ní ẹ̀tọ́. Abala 10 rẹ̀ ní ìjọba, ì báà ṣe ti àpapọ̀ tàbí ti ìpínlẹ̀, kò gbọdọ̀ sọ ẹ̀sìn kan di ẹ̀sìn ìjọba. Abala 38 sì fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti sìn bí ọkàn rẹ̀ ti fẹ́, ní òun nìkan tàbí pẹ̀lú ẹlòmíràn.

Àwọn kan nínú wa a máa dáhùn pé: ṣé wọ́n ń fún àwọn onígbàgbọ́ ní ilẹ̀ kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ní àwọn ìlú kan ní Òkè Ọya? Òótọ́ ni pé ó ti pẹ́ tí àwọn onígbàgbọ́ ti ń ráhùn lórí èyí, ẹ̀dùn wọn kò sì ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n kí ni ó kan aránṣọ ọmọ Ìwó tí ń kírun ní Port Harcourt nínú rẹ̀? Bí a bá gbẹ̀san lára ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, ìkà ni a ṣe.

Nítorí náà, ẹ̀yin Kristẹni ọmọ Yorùbá tí ẹ wà níbẹ̀, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí jù. Ní ilé wa, ẹ̀gbọ́n a máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àbúrò a máa lọ sí mọ́ṣáláṣí, wọn a sì jọ jẹ ẹran Iléyá àti ìrẹsì Kérésìmesì. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìrìn àjò gba ìwà yìí lọ́wọ́ yín. Bí onílé bá fẹ́ lé ayálégbé nítorí ẹ̀sìn rẹ̀, ẹ bá a sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ń bú ẹlẹ́sìn mìíràn nínú ìpàdé, ẹ má ṣe dákẹ́. Ẹ̀yin Mùsùlùmí náà, ẹ gba ìwé àṣẹ kí ẹ tó kọ́lé ìsìn, ẹ má dí ọ̀nà ní ọjọ́ Jímọ̀, kí ẹ sì gbọ́ èdè àwọn tí ẹ bá nílé. Bí ẹ̀rọ gbohùngbohùn bá ń da àwọn aládùúgbò láàmú lóru, ì báà ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti mọ́ṣáláṣí, ẹ jẹ́ kí a dín in kù.

Àwọn àgbà ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra. Àyè yìí ni wọn kò fún Joshua Hart ní Bonny. Àwọn tí ó jogún ìgbàgbọ́ tí ó tìtorí rẹ̀ kú ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ fún ẹlòmíràn ní irú àyè bẹ́ẹ̀.