Ẹ Bi Wọ́n Ìdí Tí Owó Fi Dúró

Nígbàkúùgbà tí ọjà ìpín ìdókòwò bá wó, ọ̀rọ̀ kan a máa tàn kálẹ̀: pé bí owó lásán bá ti kún ọwọ́ àwọn alábòójútó àpò ìdókòwò àjọṣe, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn da owó jọ sí kí akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ lè bá wọn ra ìpín, a jẹ́ pé ọjà ti kan ìsàlẹ̀, kí olúkúlùkù yára lọ rà. Ó tọ́ kí àwọn olùkọ́ wa ní Shomolu àti Bariga yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò kí owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wọn tó bá a lọ.

A kò wí pé irọ́ pọ́ńbélé ni. Ẹni tí ẹ̀rù bà ti tà tán; owó tí ó kó pamọ́ ni yóò fi padà wá rà. Ní Amẹ́ríkà, owó tí irú àpò bẹ́ẹ̀ dì mú ju 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ ní oṣù kẹwàá ọdún 1990, ọjà sì gbéra láti ibẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjà kan náà tún kan ìsàlẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2009, owó ọwọ́ wọn kò sún mọ́ ti 1990 rárá. Ẹni tí ó ń retí àmì náà kò rí i títí ọjà fi gbéra.

Àwọn atẹ̀wé Shomolu yóò tètè mọ ìdí rẹ̀. Bí atẹ̀wé bá di owó mú tí kò ra bébà, ó lè jẹ́ pé ẹ̀rù ń bà á. Ó sì lè jẹ́ pé ẹnìkan ń fún un ní èlé tí ó ju èrè bébà lọ. Èlé ga ní Amẹ́ríkà ní 1990. Ní 2009, díẹ̀ ló kù kí ó má sí rárá.

Nílé wa ńkọ́? Láàrin ọdún 2024, èlé tírẹ́sọ́rì bìlì ọlọ́dún kan ju 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, owó sì ń wọ́ lọ sínú àpò tí ń rà á. Ṣé ọjà wà ní ìsàlẹ̀ ni? Òṣùwọ̀n rẹ̀ kọjá 100,000 fún ìgbà àkọ́kọ́ ní oṣù kìíní ọdún náà, kò sì jìnnà síbẹ̀ nígbà tí ọdún parí.

A kò tíì gbàgbé 2008. Òṣùwọ̀n tí ó ju 66,000 lọ ní oṣù kẹta ọdún náà já wá sí nǹkan bí 20,000 lẹ́yìn ọdún kan. Ẹni tí ó yáwó ra ìpín nígbà tí ó dé 45,000, tí ó ṣebí ìsàlẹ̀ nìyẹn, gbèsè ló bá lọ sílé. Ọdún 2023 ni òṣùwọ̀n náà tó padà síbi tí ó ti já.

Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ àjọ SEC tí ń bójú tó ọjà náà kò ṣòro: kí àpò kọ̀ọ̀kan máa kéde lóṣooṣù, ní èdè Yorùbá pẹ̀lú, iye tí ó dì mú ní owó lásán àti ìdí tí ó fi dì í mú. Kí àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sì ka ìkéde náà sétí ìpàdé kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí i pé kí a kó owó àwọn olùkọ́ jáde.