Ta Ló Ní Yíya Òdòdó Kì Í Ṣe Iṣẹ́?

"Ṣé òdòdó la máa jẹ?" Ìdáhùn tí àwọn kan nínú wa fún wa nìyẹn nígbà tí a dá a lábàá pé kí a yọ díẹ̀ nínú owó ẹ̀kọ́ ọlidé, kí a fi ra ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní Awẹ́. Wọ́n ní ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kí a fowó náà ṣe. Àwọn mìíràn ní bí wọ́n bá tiẹ̀ máa yàwòrán, kí wọ́n ya ìyà tó ń jẹ mẹ̀kúnnù. Wọ́n ní ọ̀lẹ ayàwòrán ló ń ya òdòdó. A ò gbà. Obìnrin kan la ó fi dá wọn lóhùn.

Alma Thomas ni wọ́n ń pè é. Ọdún 1891 ni wọ́n bí i ní Columbus, ní ìpínlẹ̀ Georgia, l'Amẹ́ríkà, níbi tí wọn kì í ti í jẹ́ kí èèyàn dúdú wọ ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà. Ní 1924, òun ló kọ́kọ́ gboyè nínú iṣẹ́ ọnà ní Howard University. Ó wá ṣe tíṣà ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Washington fún nǹkan bí ọdún 35, títí ó fi fẹ̀yìn tì ní 1960.

Ẹ̀yin ọmọ tíṣà tó wà láàárín wa, ẹ mọ ohun tí aráyé ń sọ nípa tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì: iṣẹ́ ti parí, ó ku kó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kó máa retí owó ìfẹ̀yìntì. Ìgbà yẹn gan-an ni ìyá yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Làkúrègbé ń bá a jà, síbẹ̀ ó ń wo igi tó wà lẹ́bàá fèrèsé rẹ̀ àti àwọn ọgbà òdòdó ìlú náà, ó ń yà wọ́n. Ẹ wo èyí tó pè ní *Iris, Tulips, Jonquils, and Crocuses*, tó yà ní 1969. Ẹ ò ní rí ewé tàbí ìtànná kan tí ẹ lè tọ́ka sí. Àwọ̀ ló tò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ní ìlà-ìlà, bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín, bí ọgbà téèyàn ń wò láti inú bàálù. Ní 1972, nígbà tó ti pé ẹni 80 ọdún, ilé àfihàn Whitney ní New York ṣe àfihàn iṣẹ́ rẹ̀ nìkan. Kò sí obìnrin dúdú tí wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ fún níbẹ̀ rí. Ní 1976 ó tún ya òdòdó azalea pupa sórí kánfáàsì mẹ́ta tí wọ́n tò pọ̀, ìbú rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 13. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ló kú. Ṣé iṣẹ́ ọ̀lẹ nìyẹn?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kó ya ìyà, ó mọ ìyà. Ó wà níbi ìwọ́de ńlá ti Washington ní 1963, ó sì yà á. Lẹ́yìn náà ló fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ẹwà àti ayọ̀ lòun fẹ́ fi àwọ̀ sọ, dípò ìkà tí ọmọ èèyàn ń ṣe sí ara wọn. A rò pé ó tọ̀nà. Àwọn tí kò jẹ́ kó wọlé wo àwòrán nígbà tó wà lọ́mọdé, ẹwà ni wọ́n fi dù ú. Ẹni tí wọ́n jẹ níyà kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè pé kó máa ya ìyà títí yóò fi kú.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Igbá tí wọn kò fín náà ń gba omi. Kí ló dé tí àwọn onígbá fínfín ní Ọ̀yọ́, nítòsí wa níbí, ṣe ń fi ọ̀bẹ jà lórí rẹ̀? Aṣọ tí kò ní bátánì náà ń bo ìhòòhò. Kí ló dé tí àwọn ìyá wa aládìrẹ ṣe ń ya ewé ẹ̀gẹ́ sí i? Ọsàn tí à ń dúró rà ní Fìdítì pàápàá, òdòdó ló kọ́kọ́ jẹ́.

A mọ̀ pé owó kò tó. A ò ní kí ẹ fi ìṣirò sílẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ la ń bèèrè nínú ọlidé tó ń bọ̀, kí a sì pe àwọn tíṣà wa tó ti fẹ̀yìn tì kí àwọn náà wá fọwọ́ kan búrọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tẹ́ ẹ ti jáde, ẹ ti bá wa ra ìwé, ẹ ti bá wa san owó ìdánwò, a dúpẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀dà ni kí ẹ bá wa rà. Ohun tí ọmọ kọ̀ọ̀kan bá wù láti yà, kí a jẹ́ kó yà á.